Mímọ orúkọ oògùn kì í ṣe mímọ àìsàn

Ara yín ń gbóná, orí ń fọ́ yín. Kí ni ẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rán ọmọ lọ ra oògùn lórí àtẹ. Bí ẹnì kan nínú ilé bá ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òun la máa ń bi pé: «Ọmọ mi, oògùn wo ni kí n lò?»

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn náà máa ń ra oògùn lò láìṣe àyẹ̀wò. Ìwádìí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti fi èyí hàn. Wọ́n mọ orúkọ oògùn, wọ́n wá rò pé àwọn ti mọ àìsàn. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ ohun tó mú kí ara gbóná. Ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn, ó lè jẹ́ ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ wo paracetamol. Ó dára fún orí fífọ́. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lo ju hóró 8 onímílígíráàmù 500 lọ láàárín wákàtí 24. Ti ọmọdé kéré sí i. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè pa ènìyàn. Paracetamol tún wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn. Ẹni tó lo méjèèjì pọ̀ rò pé oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Paracetamol kan náà ló lò lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ni kí ẹ ṣe?

1. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó lo oògùn ibà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka ti tó. Èsì máa ń jáde láàárín ìṣẹ́jú 30.

2. Ẹ ra oògùn ní fámásì tàbí ní ilé ìwòsàn. Oògùn tí oòrùn ń pa lórí àtẹ máa ń bàjẹ́, ayédèrú sì wà nínú wọn. Ìdí nìyí tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fi gbẹ́sẹ̀ lé oògùn ọjà Adjégounlè ní Kútọnu ní ọdún 2017.

3. Ẹ ka ara páálí. Bí ẹ bá rí PARACETAMOL lára oògùn méjì, ẹ má lò wọ́n pọ̀.

4. Bí ara ọmọdé bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ọmọ yín tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá wálé, ẹ má bi í pé oògùn wo ni kí ẹ lò. Ẹ sọ fún un pé: «Ọmọ mi, sìn mí lọ ṣe àyẹ̀wò.»