Bí Kọ̀ǹpútà Ilé Bá Yadi

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin abilékọ tí ẹ ń ka ìwé yìí, kọ̀ǹpútà orí tábìlì ti di ọ̀kan lára ohun èlò ilé. Òun ni àwọn ọmọ fi ń gbọ́ ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ fi ránṣẹ́; òun ni ìyá àgbà fi ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tí ń bẹ ní ìlú òyìnbó. Nítorí náà, bí ó bá di ọjọ́ kan tí àwòrán ń hàn lójú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kò gbọ́ ohùn kankan, ìdààmú ni fún gbogbo ilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, wọn a sì náwó lórí ohun tí kò bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ti wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yà tí ń mú ohùn jáde nínú kọ̀ǹpútà tí ó yadi kò kú rárá. Ògbufọ̀ rẹ̀ ni kò sí nílé.

KÍ NI A Ń PÈ NÍ DRÁÍFÀ?

Ògbufọ̀ yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní dráífà. Kì í ṣe awakọ̀ o. Ètò kékeré kan ni, tí ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàrin Windows, tí í ṣe ọ̀gá ètò inú kọ̀ǹpútà, àti ẹ̀yà tí ń mú ohùn jáde. Bí ògbufọ̀ kò bá sí, tàbí bí ó bá jẹ́ pé èdè mìíràn ni ó gbọ́, àwọn méjèèjì yóò kàn máa wo ara wọn lójú ni.

Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà ara ẹni rẹ̀ jáde ní 1981, kò mọ̀ ju kí ó dún "píì" lọ. Ní 1989 ni ilé iṣẹ́ Creative ti Singapore gbé Sound Blaster jáde, tí àwọn ènìyàn sì ń ra káàdì ohùn lọ́tọ̀ láti kì bọ inú kọ̀ǹpútà wọn. Lóde òní, ara pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà gan-an ni wọ́n ń lẹ ẹ̀yà ohùn mọ́. Èyí tí ilé iṣẹ́ Realtek ti Taiwan ń ṣe wọ́pọ̀ púpọ̀.

Ìdí tí ìṣòro yìí fi ń bá wa jà kò jìnnà. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí à ń rà ní Computer Village, ní Ìkejà. Ẹni tí ń tà á a máa nu gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nù, a sì fi Windows mìíràn sí i. Bí kò bá fi dráífà tí ó yẹ sí i, ohùn lè má jáde. Àtúnṣe tí Windows ń ṣe fúnra rẹ̀ náà lè fi dráífà tí kò dára rọ́pò èyí tí ń ṣiṣẹ́.

Ẹ KỌ́KỌ́ WO OHUN TÍ KÒ GBA OWÓ

Ẹ wò ó bóyá sípíkà wà lára iná, àti bóyá ẹ ti tàn án. Ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà: ojú ihò aláwọ̀ ewé ni wáyà sípíkà ń wọ̀. Èyí tí ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ wà fún ẹ̀rọ tí a ń sọ̀rọ̀ sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àwòrán sípíkà kékeré ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ní ọwọ́ ọ̀tún. Bí àmì X bá wà lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti pa ohùn náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì wo ibi tí kọ̀ǹpútà ń rán ohùn lọ. Bí ẹ bá ń fi wáyà HDMI so ojú kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ohùn ń lọ, bẹ́ẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà náà lè má ní sípíkà.

BÍ A Ó ṢE MỌ̀ BÓYÁ DRÁÍFÀ NI

Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ "Start", kí ẹ sì yan "Device Manager". Ẹ wo abẹ́ "Sound, video and game controllers". Bí àmì aláwọ̀ ìyeyè bá wà lára orúkọ ẹ̀yà ohùn, ẹ tẹ orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. "Code 28" túmọ̀ sí pé kò sí dráífà níbẹ̀. "Code 10" túmọ̀ sí pé ẹ̀yà náà kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ bá rí "Multimedia Audio Controller" lábẹ́ "Other devices", a jẹ́ pé Windows rí ẹ̀yà náà, ṣùgbọ́n kò ní ògbufọ̀ fún un.

ÀTÚNṢE RẸ̀

Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn àtúnṣe Windows ni ohùn lọ, ẹ tẹ orúkọ ẹ̀yà ohùn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wo abẹ́ "Driver", kí ẹ sì tẹ "Roll Back Driver", bí ó bá gbà yín láàyè. Èyí yóò dá dráífà àtijọ́ padà.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yan "Uninstall device", kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà náà tàn. Windows yóò wá ògbufọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn, "High Definition Audio Device", tí í ṣe dráífà gbogbogbò, ni yóò fi sí i. Èyí náà sì tó fún iṣẹ́ ilé.

Bí ìyẹn náà kò bá ṣiṣẹ́, ẹ lọ sí ìkànnì ilé iṣẹ́ tí ó ṣe kọ̀ǹpútà náà. Ti Dell ní nọ́ńbà "Service Tag" lára rẹ̀, ti HP sì ní "Serial Number". Nọ́ńbà yìí ni ẹ ó fi wá dráífà tí ó bá a mu. Ó gbọ́dọ̀ bá Windows tí ó wà lórí rẹ̀ mu pẹ̀lú. Ẹ ó rí irú èyí tí ó jẹ́ ní "Settings", lábẹ́ "System", ní "About".

Ẹ ṢỌ́RA FÚN OLÈ

Ẹ má ṣe gba dráífà láti ìkànnì tí ẹ kò mọ̀. Àwọn ètò kan wà tí yóò pariwo pé ogún dráífà yín ti gbó, wọn a sì ní kí ẹ sanwó. Kòkòrò olè wà nínú òmíràn, tí ó lè jí ọ̀rọ̀ àṣírí báńkì yín. Ìyá tí ó ń fi kọ̀ǹpútà kan náà sanwó ọjà lè tipa báyìí pàdánù owó òwò rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ gbọ́ ohùn. Kí ilé dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sàn ju ìyẹn lọ.

Bí orúkọ ẹ̀yà ohùn kò bá tilẹ̀ hàn rárá ní "Device Manager", ó lè ti bàjẹ́, tàbí kí wọ́n ti pa á láti inú ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà. Ìgbà yìí ni ó tó ké sí oníṣẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sórí ìwé, kí ẹ sì sọ ọ́ fún un, kí ó má baà ta ohun tí ẹ kò nílò fún yín.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ọkùnrin nìkan ni èyí. Ẹni tí ó lè tẹ̀lé ètò ọbẹ̀ láti orí omi gbígbóná dé orí iyọ̀ lè ṣe é. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ pe àwọn ọmọbìnrin yín súnmọ́ ọ̀dọ̀ yín bí ẹ ti ń ṣe é, kí àwọn náà lè mọ̀ ọ́n.