Kọ́nísì Ilé Ayé Victoria àti Bí A Ṣe Ń Yàn Án

Nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ ní Ìlú Ọba láàárín ọdún 1837 sí 1901, ìyẹn ìgbà tí Ọbabìnrin Victoria wà lórí ìtẹ́, ọnà kan wà tó máa ń yí yàrá ká níbi tí orí ògiri ti pàdé àjà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sílíǹgì. Kọ́nísì ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti bo oríkèé ògiri àti àjà, nítorí pé ibẹ̀ ni ó sábà máa ń sán bí ilé bá ti ń pẹ́, ṣùgbọ́n láyé ọ̀hún ó tún di ohun tí onílé fi ń jẹ́ kí àlejò mọ̀ pé ọwọ́ òun tẹ́nu. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ jaburata tí ènìyàn ń gbé inú wọn, títí kan àdúgbò bíi Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùgbé, nítorí náà ọ̀rọ̀ irú kọ́nísì tó yẹ kí a fi rọ́pò èyí tó ti jábọ́ kàn wọ́n pẹ̀lú. Inú ilé náà gan-an ló yẹ kí a ti wá ìdáhùn, kí a tó ṣí ìwé àwòrán ọlọ́jà kankan.

Àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyí kì í ka gbogbo yàrá sí bákan náà. Ọ̀nà àbáwọlé àti pálọ̀ iwájú tí àlejò ń jókòó sí ni wọ́n máa ń fún ní kọ́nísì tó fẹ̀ jù, tó kún fún ewé àti òdòdó. Yàrá ìjẹun a tẹ̀ lé e. Yàrá ìsùn lókè lè ní ìlà gbọọrọ bíi mélòó kan láìsí ewé rárá. Ilé ìdáná àti yàrá àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ lábẹ́ òrùlé kì í sì í sábà ní nǹkan kan. Ẹni tó bá wá lọ lẹ èso àjàrà yí yàrá kékeré òkè pátápátá ká, bó ti wù kí iṣẹ́ náà dára tó, ó ti da ètò ilé náà rú.

Ó tún yẹ kí a wádìí ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà, nítorí pé ìjọba Victoria lé ní ọdún 60, ọnà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sì jọ ti ìparí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àpẹẹrẹ àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé: eyín onígun mẹ́rin kéékèèké tó tò léra, àwọn ẹyin tí orí ọfà wà láàárín wọn, àti ewé acanthus, ewé ńlá kan tí etí rẹ̀ rí wẹ́lẹwẹ̀lẹ tó ń hù ní agbègbè Òkun Mẹditaréníà. Vitruvius, ará Róòmù tó kọ̀wé nípa ilé kíkọ́, sọ pé oníṣẹ́ ọnà kan, Callimachus, ló rí ewé yìí níbi tó ti hù yí agbọ̀n ká lórí sàréè ọmọdébìnrin kan ní Kọ́ríńtì, tó sì gbẹ́ ẹ sí orí òpó. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún dé ìdajì, ọnà wá wúwo sí i, òdòdó róòsì àti àjàrà yọ síta gan-an. Ní 1856, Owen Jones tẹ ìwé The Grammar of Ornament jáde, tó kó ọnà Íjíbítì, Íńdíà àti ti àwọn Mùsùlùmí Sípéènì jọ ní àwọ̀ mèremère, èyí sì fún oníṣẹ́ ní ohun púpọ̀ láti yàn nínú. Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀rúndún náà, ọnà àpọ̀jù ti sú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kọ́nísì sì ń kéré sí i.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà yẹ ní mímọ̀. Ní ọ̀nà àtijọ́, wọ́n á gé páànù síǹkì ní ìrísí tí kọ́nísì yóò ní, wọ́n á kàn án mọ́ pátákó, wọ́n á sì kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri tí pátákó náà yóò máa tọ̀ lọ. Oníṣẹ́ á wá fi ẹfun sísun tí wọ́n pò mọ́ pí-ó-pí kún igun náà, á fa pátákó láti ìpẹ̀kun yàrá kan dé èkejì, á tún bù sí i, á tún fà á, títí gbogbo ìlà yóò fi mú ṣáṣá. Níbi igun tí pátákó kò lè dé, irin pẹlẹbẹ ni yóò fi parí rẹ̀ lọ́wọ́. Inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń da ewé àti òdòdó lọ́tọ̀, kí wọ́n tó lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1856 kan náà, nígbà tí ará Faransé kan, Leonard Alexander Desachy, gba ìwé àṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí pí-ó-pí tí wọ́n tẹ́ aṣọ àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí nínú kí ó má baà kán, tí ó fi ṣeé ṣe láti da odindi kọ́nísì níbi iṣẹ́, kí wọ́n sì gbé e wá so mọ́ àjà. Ìlànà yìí náà ni àwọn oníṣẹ́ pí-ó-pí ní Èkó àti Ìbàdàn ń tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe ń tẹ́ fáíbà sínú pí-ó-pí tútù. Òkúta gypsum tí wọ́n yan ní ooru bíi 150°C títí tí omi inú rẹ̀ fi dínkù gidigidi ni pí-ó-pí. Bí omi bá tún kàn án, á padà le, á sì wú díẹ̀ bó ti ń le, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ó wọ gbogbo kọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù.

Kí a tó ra tuntun, kí a wá èyí tó ṣẹ́kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ́ mọ́ ògiri, tàbí lókè àjà tuntun tí wọ́n fi bo ti àtijọ́. Bí kò bá sí rárá, ilé aládùúgbò lè ní irú rẹ̀, nítorí kọ́lékọ́lé kan náà ló sábà máa ń kọ́ odindi ọ̀wọ́ ilé. Kọ́nísì tó rí rọ́bọ́tọ́ tí kò lójú lè jẹ́ èyí tí ẹfun ìkunlé ọ̀pọ̀ ọdún ti bò mọ́lẹ̀: bí a bá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin ín, tí a sì fi igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kókó kan á di ewé, egungun àárín ewé á hàn, iṣan rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ sùúrù ni, ó sì yẹ ní ṣíṣe ju rírà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dà olóróró àtijọ́ sábà máa ń ní òjé tó jẹ́ májèlé nínú, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ. Bí apá kan bá ti sọnù, ilé iṣẹ́ lè fi rọ́bà ṣe mọ́ọ̀dù lára èyí tó kù, kí wọ́n sì da irú rẹ̀ gan-an.

Kọ́nísì fóòmù funfun, irú fóòmù tí wọ́n ń tì mọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú páálí, kò wọ́n, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n etí ọnà rẹ̀ kì í mú, bí iná bá sì ṣẹlẹ̀, á yọ́, á máa kán sílẹ̀ pẹ̀lú iná. Kò yẹ irú ilé yìí rárá. Ní ti ìwọ̀n, kí a gé páálí sí bí kọ́nísì yóò ṣe fẹ̀ lójú àjà àti bí yóò ṣe sọ̀ lára ògiri, kí a gbé e sókè, kí a sì wò ó láti ẹnu ọ̀nà, nítorí kọ́nísì tó tóbi ju yàrá lọ máa ń mú kí àjà dà bí ẹni pé ó fẹ́ já lé ni lórí.

Bí ilé náà bá wà lára àwọn tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti forúkọ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ajogúnbá, òfin náà kan inú ilé pẹ̀lú, ọ̀ràn sì ni láti yọ irú ọnà bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ. Nígbà tí a bá wá fẹ́ so kọ́nísì náà mọ́ àjà, kí a rántí pé pí-ó-pí wúwo, nítorí náà kí oníṣẹ́ fi ìṣó onísíkúrù dè é mọ́ igi àjà ní àfikún sí gọ́ọ̀mù. Kí a jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí a tó kùn ún, kí ọ̀dà náà sì fẹ́lẹ́, torí pé gbogbo ìpele ọ̀dà tó bá nípọn ló ń dí díẹ̀ nínú iṣan ewé náà.