Ìlú Tó Di Ahoro: Kíka Ipa Ojú Irin àti Ibùdó Awakùsà Nínú Máàpù Àtijọ́

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí orúkọ ìlú nínú máàpù, ohun tó máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Èrò yìí kì í fi gbogbo ìgbà tọ̀nà. Èròńgbà wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé ẹ̀rí ìgbà kan péré ni máàpù ń jẹ́. Ìlú Rhyolite, nínú aṣálẹ̀ Nevada ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọdún 1904 ni a rí wúrà ní agbègbè náà. Nígbà tí ọdún 1907 yóò fi parí, ilé-iṣẹ́ rélùwéè mẹ́ta ni ọkọ̀ wọn ń dé ibẹ̀, iná mànàmáná sì ti wà. Ọdún yẹn kan náà ni ọ̀dá owó dé bá Amẹ́ríkà, àwọn olówó sì fà sẹ́yìn. Ibi ìwakùsà tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ kógbá sílé ní 1911. Wọ́n gé iná ní 1916. Báyìí ni ìlú tó ní ènìyàn 675 nínú ètò ìkànìyàn 1910 ṣe di ahoro. Rélùwéè Las Vegas and Tonopah parí iṣẹ́ ní 1918. Ti Tonopah and Tidewater dáwọ́ dúró ní 1940, wọ́n sì hú irin rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Irin lọ, ipa kù. Báwo ni a ṣe ń dá ipa náà mọ̀? Rélùwéè kò lè gun òkè tó ga ṣánṣán. Nítorí náà, ìlà rẹ̀ máa ń rọra yí òkè ká. Nínú máàpù àtijọ́, ìlà tó ní ìdábùú kéékèèké ni; nínú ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó lè di ìlà gígé-gígé tí a kọ ipa ojú irin àtijọ́ sí lára. Àmì irinṣẹ́ ìwalẹ̀ méjì tó dábùú ara wọn dúró fún ibi ìwakùsà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ẹni tó bá gbára lé máàpù àtijọ́ nìkan lè wá omi lọ sí ibùdókọ̀ tí kò sí mọ́. Ẹni tó bá gbára lé ti òde òní nìkan lè má mọ̀ pé kòtò awakùsà wà lọ́nà. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Fífi máàpù méjì wé ara wọn lè kọ́ wa kí ẹnikẹ́ni tó jìn.

Ní ìkádìí, kí olùkọ́ tó béèrè ohun tó wà nínú máàpù, kí ó kọ́kọ́ béèrè ọdún tí a yà á.