Ilé Bàbá Wa: Ta Ni Ó Ni Yàrá?

Ọ̀rọ̀ ogún ilé ni a fẹ́ sọ, nítorí ọ̀rọ̀ yìí a máa sọ ọmọ bàbá kan náà di ọ̀tá ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wí pé bàbá kan kú, kò ṣe ìwé ìhágún. Ó fi ilé oníyàrá mẹ́wàá sílẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó méjì àti ọmọ márùn-ún: ìyálé bí mẹ́rin, ìyàwó kékeré bí ẹyọ kan, Àjọkẹ́. Ta ni ó ni ilé? Àṣà Yorùbá wí pé gbogbo ọmọ ni ó ni ín pọ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Láti ọdún 1908 ni kóòtù Èkó ti fi ọwọ́ sí i, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, pé àgbà ọmọkùnrin, èyíinì dáódù, ni yóò di olórí ẹbí. Bí òun náà bá kú, ọmọ tí ó bá dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù ni ó kàn, ìbáà ṣe obìnrin.

Wàyí o, bí dáódù bá wí fún Àjọkẹ́ pé, “Yàrá ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni tìrẹ,” kí ni ó fún un? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Àyè láti máa gbé ibẹ̀ ni ó fún un. Yàrá náà ṣì jẹ́ ti ẹbí. Kò lè tà á, kò sì lè fi í dógò. Àní bí ó bá fi owó ara rẹ̀ pààrọ̀ páànù ògbólógbòó, tí ó rẹ́ ògiri, tí ó da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, ti ẹbí náà ni. Mo mọ̀ pé èyí kò ní dùn mọ́ ẹni tí ó náwó. Kí ó tó di tirẹ̀ pátápátá, ẹbí ní láti jókòó, kí wọ́n fẹnu kò pé àwọn ń pín ilé náà tán, kí olúkúlùkù sì gba tirẹ̀. Ó sì dára kí wọ́n fi ìwé ṣe é.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń pín in. Ìdí-igi ni kí a pín in gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó: yàrá márùn-ún fún àwọn ọmọ ìyálé, márùn-ún fún Àjọkẹ́ nìkan. Orí-ò-jorí ni kí a pín in gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ: yàrá méjì méjì. Nínú ẹjọ́ ogún Suberu Dawodu, ẹni tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù wí ní ọdún 1962 pé ìdí-igi ni àṣà gan-an. Orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí ìjà bá dé, tí olórí ẹbí sì rí i pé òun ni ó tọ́. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó bá mọ ìṣirò ni kí ó wá jókòó ti Àjọkẹ́!

Ní ti títà, bí olórí ẹbí bá nìkan ta ilé láìbá àwọn àgbà ẹbí sọ ọ́, àwọn yòókù lè gba kóòtù lọ kí a fagi lé e. Bí àwọn yòókù bá tà á láìsí olórí ẹbí, asán ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àṣà kan náà ni ó wà níbi gbogbo. Ní Bìní, tí kò jìnnà sí àwọn ará Ọ̀sẹ́, ilé tí bàbá gbé tí ó sì kú sí, ti àkọ́bí ọkùnrin nìkan ni. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 wí pé àṣà ibi tí ilẹ̀ wà ni a ó tẹ̀lé lórí ilẹ̀ tí a ní ní ti ìbílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ní ìwé àṣẹ Gómìnà, àṣà olóògbé ni a ó tẹ̀lé, a kò sì gbọdọ̀ gé e sí méjì láìjẹ́ pé Gómìnà gbà.

Ìpín nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò rí bí ilé ẹbí. Òfin gba ọmọ ẹgbẹ́ láyè láti kọ orúkọ ẹni tí yóò gba ìpín rẹ̀ bí ó bá kú. Bí kò bá kọ ọ́, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ni yóò wá ẹni tí wọ́n bá kà sí àrólé rẹ̀. Ẹ rántí pé nínú àṣà Yorùbá ìyàwó kì í jogún ọkọ. Nítorí náà, àgbẹ̀ kòkó tí ó bá fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ rí nǹkan dì mú, kí ó tọ akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ nígbà tí ó wà láàyè. Ẹlòmíràn ti kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí kò tí ì gbéyàwó, kò sì padà wo ìwé náà mọ́.