Àbàwọ́n dúdú tó jinlẹ̀ lára: ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa lésà

Láti Lekki dé Ajah, àwọn tó ń polówó ìtọ́jú awọ ara pẹ̀lú lésà ti pọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má kánjú.

Àbàwọ́n kan wà tí ìpara kì í dé ìdí rẹ̀. Ọ̀kan ni nevus of Ota, tó máa ń hàn bí aró lẹ́bàá ojú. Kì í ṣe Ọ̀tà ìlú wa o, orúkọ dókítà ará Japan ni.

Ní 1983, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Anderson àti Parrish, ṣàlàyé pé bí ìmọ́lẹ̀ lésà bá ń tàn fẹ́ẹ́, tó ń kú fẹ́ẹ́, dúdú náà nìkan ni ooru rẹ̀ máa fọ́, kò ní jó awọ tó yí i ká. Ara yóò wá kó èérún rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Fún awọ dúdú bíi tiwa, Nd:YAG 1064 ni kò léwu tó àwọn yòókù, torí ó ń gba òkè awọ kọjá láì mú un gbóná púpọ̀. Síbẹ̀, bí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù, ó lè jóni, ó sì lè fi àpá dúdú tàbí funfun sílẹ̀.

Dókítà awọ ara ni kó yẹ̀ yín wò. Kó kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré, kó dáàbò bo ẹyinjú yín, kó sì fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sáàárín ìtọ́jú kan sí èkejì. Ẹ yẹra fún oòrùn.

Ìwòsàn yàtọ̀ sí bíbó ara. Àbàwọ́n la fẹ́ kó lọ, kì í ṣe àwọ̀ tí Ọlọ́hun dá mọ́ wa. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.