Ọmọ Yorùbá tó fẹ́ ka ìmọ̀ òfin ní Ouagadougou: ibi tó ti máa ṣiṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ mọ̀

Ní Paspanga, àdúgbò kan ní gbùngbùn Ouagadougou tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nítorí bárékè àwọn jàndáámù tó wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá tó ń múra ìdánwò BAC lè sọ èdè mẹ́rin láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo: Yorùbá pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀, Mòoré lọ́jà, Faransé ní kíláàsì, àti Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ nígbà tí ẹbí bá pè láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Èkó. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sọ pé agbẹjọ́rò ni òun fẹ́ dà, inú ilé á dùn. Owó ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn òbí sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: ní orílẹ̀-èdè wo ni ọmọ yìí ti fẹ́ dúró níwájú adájọ́?

Ìmọ̀ ìṣirò tí wọ́n kọ́ ní Ouagadougou kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ́ ní Ìbàdàn. Òfin kò rí bẹ́ẹ̀. Burkina Faso, Benin, Tógò, Niger àti Côte d'Ivoire jogún ìlànà Faransé, níbi tí ìwé òfin tí wọ́n to ní abala-abala ti jẹ́ ìpìlẹ̀ ohun gbogbo. Nàìjíríà àti Gánà jogún ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní common law, níbi tí ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ gíga ti ṣe rí ti ń de ọwọ́ àwọn ilé ẹjọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wakọ̀ láti Ouagadougou lọ sí gúúsù yóò kan ààlà ìlànà méjèèjì ní Paga, níbi tí Gánà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà náà kò tó 200 kìlómítà, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ òfin kì í fi ìrọ̀rùn kọjá níbẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọmọ tó ní lọ́kàn láti padà sílé nìyí. Ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tó lè di agbẹjọ́rò láì gba Nigerian Law School kọjá, ilé ẹ̀kọ́ tí olú rẹ̀ wà ní Bwari, lẹ́bàá Àbújá. Ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀, Council of Legal Education, ń gba àwọn tó kàwé lókè òkun, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tó ń lo ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti kà á. Irú wọn a kọ́kọ́ ṣe apá kìíní, tí wọ́n ń pè ní Bar Part I, kí wọ́n lè mọ ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà, ètò ìdájọ́ rẹ̀, òfin ọ̀daràn rẹ̀ àti òfin ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dara pọ̀ mọ́ àwọn tó kàwé nílé ní apá kejì. Ìwé ẹ̀rí tí ọmọ gbà lórí òfin Faransé, bó ti wù kó dára tó, kò ṣí ilẹ̀kùn yìí fún un.

Ìlànà náà ní ìtàn. Kí wọ́n tó dá ilé ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 1962, London ni àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà ti ń gba àṣẹ. Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò, gba tirẹ̀ ní Inner Temple ní ọdún 1879. Àwọn tó tẹ̀ lé e mọ òfin Gẹ̀ẹ́sì dunjú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ nípa òfin ilẹ̀ wọn kò tó nǹkan. Àìtó yẹn ni wọ́n dá Law School sílẹ̀ láti dí.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà

Ọmọ tó pinnu láti jókòó sí Burkina Faso náà ní ohun tó yẹ kó bojú wò. Ní ọdún 2014, àjọ UEMOA gbé ìlànà kan jáde tó so iṣẹ́ agbẹjọ́rò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó wà nínú rẹ̀: Benin, Burkina Faso, Côte d'Ivoire, Guinea-Bissau, Mali, Niger, Senegal àti Tógò. Ọmọ orílẹ̀-èdè wọ̀nyí ni ìlànà náà ṣí ilẹ̀kùn fún ní pàtàkì. Nàìjíríà kò sí lára wọn.

Nítorí náà, ọmọ méjì lè jókòó sórí àga kan náà ní kíláàsì, kí wọ́n jọ máa sọ Yorùbá, kí ọ̀nà wọn sì yà. Èyí tí bàbá rẹ̀ ti Kétu tàbí Sákété wá, tó ní ìwé ìrìnnà Benin, wà nínú agbo. Èyí tí tirẹ̀ ti Ṣakí wá, tí ìwé Nàìjíríà nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní láti lọ bá ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Burkina Faso, kó béèrè ipò rẹ̀, kó sì gba èsì lórí ìwé. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó forúkọ sílẹ̀ ní fásitì, kó má ṣe dúró di ọdún karùn-ún.

Bí ó bá jẹ́ Ouagadougou

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BAC ń tọrọ ààyè ní fásitì ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ń pè ní Campusfaso. Fásitì Thomas Sankara, tí wọ́n ń pè ní Ouaga II tẹ́lẹ̀, ni ojúkò ẹ̀kọ́ òfin ní ìlú náà. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń gba licence, ọdún méjì sí i fún master. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò CAPA, ìwé ẹ̀rí tó yọ̀ǹda fún ènìyàn láti bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Orí ìwé ni iye ọdún yẹn wà o. Ọdún ẹ̀kọ́ ti máa ń wọnú ara wọn ní fásitì ìjọba Burkina Faso, tí ọdún kan á sì fà gùn ju bó ti yẹ lọ, kí òbí tó ń ṣírò owó fi èyí kún un. Àwọn kan sá fún un lọ sí fásitì aládàáni. Kò burú, bí wọ́n bá ti béèrè bóyá àjọ CAMES, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ouagadougou níbẹ̀, fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ gbà.

Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kulẹ̀ ní ọdún kìíní kì í ṣe pé wọn kò mọ òfin. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni. Àwọn olùkọ́ ìlànà Faransé ń retí kí ìdáhùn pín sí apá ńlá méjì, kí apá kọ̀ọ̀kan sì tún pín sí méjì, kí ọ̀rọ̀ ìṣáájú sì gbé ìṣòro tó wà nínú ìbéèrè kalẹ̀ kedere. Ọmọ tó bá há gbogbo ìwé sórí, tó wá tú u dà sórí bébà láìtò ó, yóò gba máàkì tó máa yà á lẹ́nu. Oríṣi iṣẹ́ mẹ́ta ló yẹ kó ti máa fi ọwọ́ dán wò kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé: àròkọ lórí kókó òfin kan, àlàyé lórí ìdájọ́ ilé ẹjọ́, àti ẹjọ́ àfinúrò tó ní láti wá ojútùú sí. Kó ra ìwé òfin ìpìlẹ̀ Burkina Faso ti ọdún 1991 àti àtúnṣe rẹ̀, kó sì máa kà á díẹ̀díẹ̀. Àwọn kíláàsì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní TD ló ń kọ́ni ní ìkọ̀wé yìí, gbọ̀ngàn ńlá kò lè ṣe é.

Bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà tàbí Gánà

Ìdíwọ́ tó ń dúró de ọmọ tó ka ilé ìwé Faransé ni Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹ̀ka òfin ní Nàìjíríà ń béèrè rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀rí mẹ́wàá, pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń béèrè rẹ̀ nínú ìdánwò JAMB náà. BAC kò ní í. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú, kó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC gẹ́gẹ́ bí aládàádúró, ní Nàìjíríà tàbí ní Gánà. Ní ọdún 2025, 150 nínú 400 ni JAMB ní ó kéré jù fún fásitì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e: ẹ̀ka òfin ní fásitì bíi Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Èkó ń wá ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni Law School. Àṣìṣe tó ń náni lówó jù ni gbígba ààyè ní fásitì tí ẹ̀ka òfin rẹ̀ kò ní àṣẹ Council of Legal Education. Kí àjọ NUC nìkan fọwọ́ sí i kò tó. Council sì ń fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní iye akẹ́kọ̀ọ́ tó lè rán wá lọ́dọọdún. Bí fásitì bá gba ènìyàn ju iye yẹn lọ, ẹni tó ti jáde yóò máa dúró nílé de ìgbà tí yóò kàn án.

Àwọn kan ń wá ọ̀nà àbùjá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dáwọ́ àyẹ̀wò àti ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba ìwé ẹ̀rí fásitì kan ní Cotonou láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tó fi ọdún gidi kàwé ní orílẹ̀-èdè méjèèjì náà fara gbá nínú rẹ̀.

Ọmọ tó jẹ́ pé òwò ló ń fà á, tí kò fi dandan fẹ́ wọ aṣọ dúdú, ní ọ̀nà tó tẹ́jú ju ìwọ̀nyí lọ. Àdéhùn OHADA, tí wọ́n bọwọ́ lù ní ọdún 1993, fi òfin ìṣòwò kan náà so orílẹ̀-èdè 17 pọ̀, Burkina Faso, Benin àti Tógò sì wà lára wọn. Ilé-iṣẹ́ oníṣòwò tó ń ra ọjà ní Cotonou tó sì ń tà á ní Ouagadougou nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n, ilé ẹ̀kọ́ OHADA fúnra rẹ̀ sì wà ní Àjàṣẹ́.

Ọ̀nà yòówù tí wọ́n bá mú, orúkọ tó wà lórí ìwé ọjọ́ ìbí ni kí àwọn òbí yẹ̀ wò lónìí. Akọ̀wé tó ń kọ Faransé lè sọ Adéṣínà di Adéchina, nígbà tí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kọ ọ́ ní Adesina. Orúkọ tó bá wọ ìwé BAC ni yóò máa tẹ̀ lé ọmọ dé iwájú ìgbìmọ̀ tó máa fún un ní àṣẹ, àtúnṣe rẹ̀ sì ń gba oṣù mélòó kan. Kí ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ fún BAC ló yẹ kí wọ́n ti parí rẹ̀.