Kọ́kọ́rọ́ Kan Ṣoṣo fún Gbogbo Ilẹ̀kùn

Bí ènìyàn bá kọ́ ilé márùn-ún, tí ó ra àgádágodo márùn-ún, ṣùgbọ́n tí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ń ṣí gbogbo wọn, ǹjẹ́ ẹ ó sọ pé olúwarẹ̀ gbọ́n? Èmi gan-an ni olúwarẹ̀.

Olùkọ́ ni mí ní Abigi. Ọdún púpọ̀ ni mo fi lo páásíwọ́ọ̀dù kan náà, orúkọ àkọ́bí mi àti ọdún tí a bí i, fún ímeèlì, fún Facebook àti fún ibi gbogbo tí mo ti ń ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò ìyàwó mi tí ó ń ta ẹja ní Ìwọpin pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara ọmọ ti ń yá?" Ọmọ wo? Olè ti wọ inú Facebook mi, ó fi orúkọ mi bẹ̀ ẹ́ pé ọmọ wà ní ọsibítù, òun náà sì ti fi 40,000 náírà ránṣẹ́. Owó ọjà rẹ̀ ni. Oṣù mẹ́ta ni mo fi san án padà, ojú sì tì mí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà ni ó là mí lójú. Ó ṣí Have I Been Pwned, èyí tí Troy Hunt dá sílẹ̀ ní 2013, níbi tí ènìyàn ti lè wò bóyá ímeèlì òun wà nínú ẹrù olè. Tèmi wà níbẹ̀! Ilé ìtajà kan tí mo ti gbàgbé ni wọ́n ti jí i. Bí olè bá rí kọ́kọ́rọ́ kan, gbogbo ilẹ̀kùn ni yóò fi dán wò.

Èmi nìkan kọ́. Ní 2012 ni wọ́n jí ti LinkedIn kó. Nígbà tí ó di 2016, wọ́n ń ta ti ènìyàn tí ó ju 100 mílíọ̀nù lọ. Ní ọdún 2016 yìí kan náà ni wọ́n wọ Twitter ti Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook fúnra rẹ̀!

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Èkíní, ibi kọ̀ọ̀kan, páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Èkejì, ẹ ṣọ́ ti ímeèlì jù, nítorí ẹni tí ó bá gbà á lè fi í pààrọ̀ ti ibi yòókù. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ó gùn: ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bá ara wọn tan, kì í ṣe orúkọ ọmọ, kì í ṣe òwe tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ̀kẹrin, bí ó bá pọ̀ jù fún orí, Bitwarden lè bá yín pa á mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí nílé. Fernando Corbató, tí ó mú páásíwọ́ọ̀dù wọ kọ̀ǹpútà ní MIT ní nǹkan bí 1961, sọ ní 2014 pé òun náà ń kọ tòun sílẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi ìdènà kejì sí WhatsApp àti Facebook yín, ẹ má sì sọ nọ́ńbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín fún ẹnikẹ́ni, ìbáà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ọ́. Ní ilé wa nísinsìnyí, bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé béèrè owó, a ó kọ́kọ́ pè é lórí nọ́ńbà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àbúrò mi pè ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n owó ti lọ kí ó tó pè.